Ìwọ́ Ìbejì Tó Sọnù ní Kabukunga

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejì ọdún 2020, ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí Kabukunga wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan wọ yàrá Nnalongo Eseza, ó tú agbè kékeré kan tó so rọ̀ lókè ibùsùn ìyá àgbà náà, ó sì mú un lọ. Kò fọwọ́ kan rédíò. Kò fọwọ́ kan àpò kọfí méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ilẹ̀kùn kò já, fèrèsé kò fọ́. Ohun tó wà nínú agbè náà kò ju ìwọ́ ọmọ mẹ́ta lọ, tí wọ́n ti gbẹ, tí wọ́n ti dúdú bí èèpo igi.

Kizza, ọmọkùnrin Nnalongo, ló wá fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá Wobulenzi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

"Kí ni wọ́n jí?"

"Ìwọ́ wa. Tèmi, àti ti àwọn ìbejì tí wọ́n bí ṣáájú mi."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mẹ́rìndínlógójì."

"O sì ń wá ìwọ́ kiri? Ọmú ńkọ́, ṣé ìyẹn ṣì wà?"

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Kizza kò rẹ́rìn-ín. Sájẹ́ńtì Perusi Nalubwama, tó ń kọ̀wé ní kọ̀rọ̀, kò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí, ó sì mọ̀ pé olè tó fi kọfí gbígbẹ sílẹ̀ tó mú ìwọ́, kì í ṣe ebi ló ń pa á. Ẹ̀rù ló ń bà á.

"Wá jókòó síbí," ó ní. "Ta ló ń fẹ́ ìwọ́ yẹn?"

"Obìnrin kan ni, Afande," Kizza ní, bí wọ́n ti ń pe ọ̀gá ọlọ́pàá níbẹ̀. "Ó ní ọmọ ìyá mi ni òun."

Ó sọ ọ́ látòkè délẹ̀, Perusi kò sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1979, ìyá rẹ̀ bí ìbejì obìnrin. Wọ́n sọ àkọ́kọ́ ní Babirye, wọ́n sọ èkejì ní Nakato, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá wọn ní Nnalongo, bí wọ́n ti ń pe gbogbo ìyá ìbejì nílẹ̀ Buganda, níbi tí ìyá ti máa ń tọ́jú ìwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pa mọ́. Ní 1983, ogun dé Luweero. Nnalongo sá wọgbó pẹ̀lú àwọn ọmọ méjèèjì, oyún Kizza sì wà nínú rẹ̀. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti pa ọkọ rẹ̀. Babirye kú sínú igbó. Èéyi pa Nakato ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Nígbà tí ogun parí, nítorí pé wọn kò rí òkú Babirye gbé wálé, wọ́n fi igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ́pò rẹ̀, wọ́n wé e láṣọ, wọ́n sì sin ín sí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìdílé, gẹ́gẹ́ bí àṣà.

Oṣù Kìíní ọdún yìí ni obìnrin kan dé láti Masaka. Immakulata lorúkọ rẹ̀, alásè ni nílé ẹ̀kọ́ kan. Àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló tọ́ ọ. Lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n ti rí i nígbà ogun, kò sì mọ orúkọ ara rẹ̀. Olùkọ́ kan bá a fi itọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun, sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi àyẹ̀wò DNA wá ìdílé fún èèyàn. Èsì dé pé ọkùnrin kan ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù tí ìyá rẹ̀ àti ìyá Immakulata jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Nnalongo ni ọkùnrin náà. Òun ló sọ fún un pé, "Àbúrò ìyá mi tó wà ní Kabukunga sọ ọmọ kan nù nínú ogun yẹn. Lọ síbẹ̀."

"Ó wá," Kizza ní. "Ìyá mi wò ó, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. A ní kí ẹnikẹ́ni má bínú, kí wọ́n tutọ́, kí Kampala yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé padà dé: kì í ṣe ìyá àti ọmọ. Ṣé kò yẹ kó tán níbẹ̀? Ó tún ránṣẹ́ pé ká gbé ìwọ́ Babirye jáde, pé dókítà lè rí òótọ́ nínú rẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, agbè dàwátì. Afande, ta ló tún kù?"

"Ìwọ kù," Perusi ní. "Jẹ́ ká lọ wo yàrá náà."

*

Ilé bíríkì pupa ni, àárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kọfí. Obìnrin àgbà kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ matooke, ọ̀bẹ rẹ̀ kò sì dúró nígbà tó rí aṣọ ọlọ́pàá. Senga Losira nìyẹn, bí wọ́n ti ń pe arábìnrin bàbá ẹni, àbúrò olóògbé ọkọ Nnalongo, tó ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ láti ìgbà tí ogun ti parí.

"Ẹ káàbọ̀ o, Afande ọmọ mi. Ẹ ti mú gbogbo olè Wobulenzi tán ni, ló kan ìwọ́?"

"Ó ku ẹyọ kan, Senga. Ta ló wà nílé láàárọ̀ àná?"

"Èmi àti aláìsàn. Èmi wà níta níbí. Òun sùn."

"Ẹ kò rí ẹni tó wọlé?"

"Ojú mi wà lára ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í bó ara rẹ̀."

Perusi wọlé. Kọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan pín yàrá ìyá àgbà kúrò lára pálọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Nnalongo dùbúlẹ̀ sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, ojú rẹ̀ ń wo òrùlé. Perusi kúnlẹ̀ kí i. Ó dáhùn jẹ́jẹ́. Ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan, òun kò rí nǹkan kan, oògùn ló gbé òun sùn.

Perusi gun àpótí kan. Okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi so agbè náà ṣì wà lára igi àjà. Wọn kò gé e. Wọ́n tú u ni, kókó mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó ń jalè kì í jókòó tú kókó mẹ́ta lókè orí aláìsàn tó lè lajú nígbàkigbà. Ọ̀bẹ ló máa lò. Ẹni tó tú kókó náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa pariwo.

Nígbà tó ń jáde, ó gba ibi àwọn ibojì kọjá nínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n. Ilẹ̀ mẹ́ta le bí ògiri. Orí ibojì kékeré tó wà létí, erùpẹ̀ rẹ̀ rọ̀, ó sì ṣú díẹ̀. Adìẹ ni, ó rò, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

*

Immakulata dé láti Masaka ní ọjọ́rú, nítorí pé Perusi ránṣẹ́ pè é. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá iná ìdáná. Ní ọjọ́ tí agbè sọnù, irinwó ọmọ ló se oúnjẹ fún, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i lórí fóònù. Perusi fa orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń fura sí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó mọ̀.

"Kí lo fẹ́ gan-an? Ilẹ̀ ni?"

"Ilẹ̀ wo, Afande? Tí wọ́n bá fún mi nílẹ̀ ní Kabukunga, ta ló máa se ẹ̀wà àwọn ọmọ Masaka?"

"Kí ló wá dé?"

Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọmọ méjì ni mo bí. Wọ́n máa ń bi mí léèrè orúkọ ìyá mi. Ní ilé ẹ̀kọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ ìdílé, mo máa ń fi àlàfo sílẹ̀. Ogójì ọdún ó lé ọ̀kan ni mo ti pé. Mo fẹ́ kí obìnrin yẹn wò mí kó ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ ni.' Kó sọ bẹ́ẹ̀, kí n máa lọ síbi ìkòkò mi."

"O rántí nǹkan kan nínú ogun?"

"Ẹyọ kan. Obìnrin kan gbé mi kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ọ̀gán. Ó ní kí n jókòó, kí n má sunkún, òun ń lọ pọnmi. Mo jókòó."

"Fún ìgbà wo?"

"Ọmọ kékeré mọ ìgbà ni? Oòrùn wọ̀, ó tún yọ. Àwọn tó wá kó òkú ló rí mi."

Perusi gba ìwé méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó ti òkun wá àti èyí tó ti Kampala wá. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó jókòó sídìí tábìlì. Ó tẹ́ ìwé méjèèjì síwájú ara rẹ̀. Ọmọbìnrin méjì péré ni ìyá Nnalongo bí, Nnalongo àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ni ọkùnrin Lọ́ńdọ̀nù. Perusi kọ́kọ́ rò ó bóyá ẹ̀gbọ́n náà ló bí Immakulata ní ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé òkun ìbá pe òun àti ọkùnrin náà ní ọmọ ìyá kan. Ọmọ ìyá méjì ni ìwé pè wọ́n. Ìyá kejì wo ló tún wà, bí kò bá ṣe Nnalongo?

Ìwé méjì kò lè jà kí méjèèjì jàre. Ọ̀kan ń purọ́. Ìwé kì í sì í dá purọ́ pa. Èèyàn ló máa ń rán an.

*

Àwọn ọlọ́kadà ibùdó Kabukunga ló fi Kizza sùn. Wọ́n ní láti oṣù Kọkànlá ló ti ń mú àwọn tó ń sun bíríkì káàkiri ilẹ̀ ìyá rẹ̀. Perusi bá a nínú oko kọfí.

"O fẹ́ fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn oníbíríkì. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá jí dìde, ó ní láti fọwọ́ sí i. O kò fẹ́ kó jí."

Kizza ju agbọ̀n kọfí sílẹ̀. "Owó tí màá fi wo ẹsẹ̀ ìyá mi sàn ni mo ń wá! Ẹ ti rí ẹsẹ̀ yẹn? Ẹ gbà pé èmi ni mo gbé ìwọ́ ara mi sá lọ? Èmi ni mo wá fẹjọ́ ara mi sùn?"

"Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí."

"Ó dáa. Ẹ wá gba itọ́ mi náà. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ kún un. Bí obìnrin yẹn bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, kí n yadi!"

Ohun tí Perusi wá gbà gan-an nìyẹn. Kò fi í rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló mú Kizza lọ sí Kampala, ó dúró tì í, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí itọ́ náà bó ti ń kúrò lẹ́nu rẹ̀ bọ́ sínú ìgò.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta ni Dókítà Kobusingye, tó ń yẹ itọ́ wò ní Kampala, pè wọ́n padà. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Perusi ní kí Kizza dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kizza àti Immakulata," dókítà ní, "ìyá kan, bàbá kan."

Perusi mí kanlẹ̀. "Ìyá àgbà ló bí wọn nìyẹn."

"Rárá. Mo gbé itọ́ ìyá àgbà tí a gbà lóṣù Kìíní jáde, mo fi wé ti Kizza. Ẹni tó ni itọ́ yẹn kò bí Immakulata. Kò sì bí Kizza."

Perusi rántí ohun tí Kizza sọ fún un lójú ọ̀nà, pé àgọ́ ogun ni wọ́n ti bí Kizza, lójú ogún obìnrin, ẹni tó gbẹ̀bí rẹ̀ sì wà láàyè ní Wobulenzi títí di òní. Bí ẹnikẹ́ni bá lè ṣiyèméjì nípa ìyá tó bí i lọ́mọ, kì í ṣe Kizza.

"Itọ́ yẹn kì í ṣe ti Nnalongo," ó ní.

"Èmi kò lè sọ ìyẹn. Ohun tí mo lè sọ ni pé obìnrin tó ni ín kì í ṣe àjèjì sí wọn. Ẹ̀jẹ̀ wọn ni. Ọ̀dọ̀ bàbá wọn ló sì ti wá."

Kizza ti gbọ́. Ilẹ̀kùn kò dé dáadáa. Nígbà tí Perusi jáde, ó bá a lórí bẹ́ǹṣì tó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Mo lé e, Afande. Mo ní tó bá tún tẹ ọgbà wa, màá dá a lẹ́sẹ̀. Ó ní, 'Má bínú, sà,' sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní 'sà' sí mi."

*

Livingisitoni ni ẹni tó lọ gba itọ́ náà lóṣù Kìíní. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Wobulenzi ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń bá àwọn ti Kampala gba itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ ní àwọn abúlé. Harriet, ọmọ ẹ̀gbọ́n Nnalongo, ni ìyàwó rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìdílé náà fi ní àwọn fọkàn tán an.

"O fọwọ́ sí ìwé pé o rí ojú ìyá àgbà nígbà tó ń tutọ́," Perusi ní.

"Mo fọwọ́ sí i, Afande."

"Ìwé kọ́ ni mo bi ẹ́. Ṣé o rí i?"

Ọkùnrin náà ń yí bíírò kan ní ìka. "Afande, ẹ̀yin náà mọ̀."

"Kí ni mo mọ̀?"

"Àbúrò ìyá Harriet ni. Ìyá ìyàwó mi nìyẹn. Báwo ni mo ṣe máa wò ó lẹ́nu? Ṣé ẹ fẹ́ kí ọwọ́ mi máa gbọ̀n títí mo fi máa wọ sàréè ni? Mo ti ìgò náà bọ abẹ́ kọ́tìnì, mo kọjú sógiri. Nígbà tí ìgò padà wá, itọ́ ti wà nínú rẹ̀. Mo ní, 'Ẹ ṣeun, Mama,' mo sì lọ."

Perusi mọ àṣà náà dáadáa. Ọkọ ọmọ tirẹ̀ gan-an, bó bá rí i lọ́nà ọjà, inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa ń kó sí títí tó fi máa kọjá. Bí ọkọ ọmọ bá wo ìyá ìyàwó rẹ̀ lójú, ọwọ́ gbígbọ̀n ni èrè rẹ̀, kò sí ọmọ Buganda tí wọn kò sọ fún. Àwọn ti Kampala ro ti ìgò, wọ́n ro ti yìnyín, wọ́n ro ti ìwé. Wọn kò ro ti àna.

"Ohùn mélòó lo gbọ́ lẹ́yìn kọ́tìnì?"

"Méjì. Nnalongo, àti Senga Losira."

*

Senga Losira ń ya ẹ̀wà lára pòpórò nígbà tí Perusi dé. Perusi kò jókòó.

"Senga, itọ́ ta ni wọ́n gbé lọ sí Kampala?"

"Kí ni mo mọ̀ nípa itọ́? Mo dàgbà, tèmi ti ń gbẹ."

"Dókítà ní obìnrin kan ni, ẹ̀jẹ̀ bàbá Kizza. Obìnrin mélòó ló kù nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá Kizza?"

Ọwọ́ Senga dúró. "Èmi nìkan ló ṣẹ́kù," ó ní. "Tèmi ni. Ẹ dè mí ká máa lọ."

"Nítorí ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín?"

"Ilẹ̀!" Obìnrin náà da èèpo ẹ̀wà nù. "Ní ọjọ́ orí mi, ilẹ̀ tí mo nílò kò ju ìwọ̀n ara mi lọ."

"Mo gbà yín gbọ́," Perusi ní. "Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò tíì yé mi. Ẹ kò lè tutọ́ sínú ìgò ẹlòmíràn kí ẹni tó nìgò jókòó máa wò yín. Ẹ kò lè tú kókó mẹ́ta lókè orí rẹ̀ kó má sọ̀rọ̀. Senga, ta ni ẹ ń bò mọ́lẹ̀?"

Ojú Senga Losira ṣẹ́ lọ sí ara kọ́tìnì, omi sì ti lé e.

"Losira," ohùn kan ní láti inú yàrá. "Jẹ́ kó wọlé."

Nnalongo ti gbìyànjú láti jókòó. Perusi ràn án lọ́wọ́, ó fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn, ó sì jókòó sílẹ̀ lórí ẹní.

"Ẹ kò sun ìwọ́ náà níná," Perusi ní. "Ìyá kan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́ erùpẹ̀ tó rọ̀ lórí ibojì Babirye ni Senga bá yín rì í sí. Mo rí i, mo pè é ní adìẹ."

Ìyá àgbà náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Nnalongo, ẹ mọ̀ ọ́n lóṣù Kìíní."

"Kó tó jókòó ni mo ti mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ̀ ló jọ lẹ́sẹ̀."

"Kí ló dé?"

Ó kọjú sí òrùlé. Nígbà tó máa sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, bí ẹni tó ti ń kà á sórí láti ọdún mẹ́tàdínlógójì.

"Èèyàn mọ́kànlá ni wá nínú igbó. Ọjọ́ kẹta, a kò jẹ, a kò mu. Oyún oṣù márùn-ún wà nínú mi. Babirye ní ibà, ó ń sunkún, ẹnu rẹ̀ kò dé. Àwọn sójà wà lójú ọ̀nà, a ń gbọ́ ohùn wọn. Ọkùnrin kan sọ sí mi létí pé, 'Nnalongo, ọmọ rẹ máa pa wá. Pa á lẹ́nu mọ́, tàbí kí o dúró tì í, kí àwa máa lọ.' Gbogbo wọn ń wò mí. N kò lè fún un lọ́rùn. Mo gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá òkìtì ọ̀gán. Mo purọ́ fún un pé mò ń lọ pọnmi. Ó dákẹ́. O gbọ́? Nígbà tí mo purọ́ fún un, ó dákẹ́. Mo gbé Nakato pọ̀n, mo bá wọn lọ."

"Nakato sì kú."

"Kò pé oṣù méjì. Èyí tí mo mú ló kú." Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Agbè ìwọ́ wọn wà ní ìdí mi ní gbogbo ìgbà yẹn, mo so ó mọ́ aṣọ. Ìwọ́ ọmọ ni mo gbé sá fógun, mo fi ọmọ sílẹ̀. Mo dé ilé, mo ní ó kú. Wọ́n bá mi sunkún, wọ́n bá mi sin igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Losira nìkan ni mo sọ fún. Ọmọ náà wá dé, ó jókòó síbi tí o jókòó sí yẹn. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun rántí: ẹnì kan ní kóun dúró. Kò bínú. Ó ń bi mí bóyá mo mọ ẹni náà."

Senga Losira ti wọlé, ó dúró lẹ́nu kọ́tìnì. "Ó ní bí òun bá gbà pé ọmọ òun ni, ọmọ náà máa bi òun léèrè," ó ní. "Mo ní, 'Eseza, jẹ́ kó béèrè.' Ó ní kí n tutọ́. Mo tutọ́."

Perusi mọ ọ̀pọ̀ òfin tí wọ́n ti rú. Kò dárúkọ ọ̀kankan.

"Immakulata kò béèrè ilẹ̀," ó ní. "'Bẹ́ẹ̀ ni' ló fẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré."

"'Bẹ́ẹ̀ ni' nìkan kò tó," Nnalongo ní. "Màá sọ ìyókù fún un. Jẹ́ kó wá. Ṣùgbọ́n ìwọ má sọ ọ́, má fi fóònù sọ ọ́. Ẹnu tó purọ́ fún un ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Búra fún mi."

Perusi búra.

*

Ó pe Masaka ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta.

"Ìyá ẹ ni," ó ní. "Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ariwo àwo ìdáná nìkan ló ń dún lẹ́yìn.

"Kí ló dé tó ní òun kò mọ̀ mí?"

"Òun ló máa sọ fún ẹ."

"Ṣé ó ní kí n wá?"

"Ó ní kí o wá."

Immakulata ní òun yóò mú àwọn ọmọ òun méjèèjì dání, kí ìyá àgbà rí wọn. Ilé ẹ̀kọ́ ìgbélé ni wọ́n wà, nítorí náà ó mú Satidé ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Kizza kun iwájú ilé. Ó ra ẹní tuntun. Nnalongo ní kí wọ́n hú agbè jáde, kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ mọ́, kí wọ́n sì pe àwọn àgbà ìdílé láti fún ọmọ náà lórúkọ rẹ̀ padà.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, ìjọba kéde pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tì nítorí àrùn kòrónà. Alásè ni Immakulata. Kò lè kúrò kí ẹni ìkẹyìn nínú àwọn ọmọ tó kúrò. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún ló kó àwọn ọmọ tirẹ̀ délé. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n dá bọ́ọ̀sì dúró káàkiri Uganda. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n dá mọ́tò aládàáni dúró.

Perusi kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti bá Immakulata béèrè ìyọ̀ǹda ìrìn-àjò. Ní ìgbà kìíní, wọ́n ní kí ó fi ìwé ilé ìwòsàn kún un. Ní ìgbà kejì, wọ́n ní aláìsàn fúnra rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fún níyọ̀ǹda ìrìn-àjò. Ní ìgbà kẹta, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, òun náà ni wọ́n fi síbi tí ọlọ́pàá ti dínà lójú títì Wobulenzi, tó ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n padà sílé.

Kizza máa ń gbé fóònù sí ìyá rẹ̀ létí. Immakulata a kí i, a sọ bí àwọn ọmọ ṣe wà. Nnalongo a ní, "Mo gbọ́ ẹ, ọmọ mi. Tí o bá dé." Nígbà tí oṣù Kẹrin fi máa parí, kò lè sọ ju "mo gbọ́ ẹ" lọ.

Perusi ti fáìlì náà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti rí ohun tó sọnù, pé kò sí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Nnalongo Eseza kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún, ní aago méje àárọ̀. Èèyàn mẹ́wàá ni wọ́n gbà láàyè níbi ìsìnkú rẹ̀. Immakulata kò sí lára wọn. Láti ọjọ́ tó ti mọ̀ pé ìyá òun ni, kò rí i sójú lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọ́ ohun tí ìyá náà fẹ́ sọ fún un.